Ta Ni Yóò Mọ̀ Pé Irọ́ Ni? Àgbéyẹ̀wò Gbígbára Lé Ẹ̀rọ AI Lẹ́nu Iṣẹ́ Nílẹ̀ Ìgbómìnà

Bí ẹ bá wọ yàrá àwọn olùkọ́ nílé ìwé girama kan ní Ọ̀mù-Àrán lónìí, tàbí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìjọba, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó jókòó: "Ẹ jẹ́ n bi AI." Nóòtù ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń fi odindi òpin ọ̀sẹ̀ kọ tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́tà sí ọba, ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwàásù ọjọ́ Àìkú, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé fún ìwé ìsìnkú, fóònù ń bá èèyàn kọ gbogbo rẹ̀. N ò rí ìdí tí màá fi bá wọn wí. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ná, tí kíláàsì rẹ̀ kún àkúnya, bí ẹnì kan bá ní òun á bá a gbé lára ẹrù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ kọ̀ sí?

Àmọ́ àwọn ewu wà níbẹ̀, wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tí aráyé ń pariwo jù, pé ẹ̀rọ yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ni mo kà sí kékeré jù nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn àti Ìsìn ní Kwara, oko, ọjà àti iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun. Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé kò lè ro oko iṣu, ìjọba kì í sì í tètè yọ olùkọ́ nítorí pé nóòtù ẹ̀kọ́ ti di ìrọ̀rùn. Àwọn tó yẹ kó bẹ̀rù lóòótọ́ ni àwọn atẹ̀wé, àwọn náà sì ti rí i tẹ́lẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílẹ́tà kúrò lórí tábìlì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé iṣẹ́ yóò ṣì wà lórúkọ èèyàn, owó oṣù yóò ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà yóò ti gba ẹ̀yìn jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. ChatGPT, Gemini àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kì í lọ ṣí ìwé kan wò kí wọ́n tó dáhùn, àfi bí a bá so wọ́n mọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òbítíbitì ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti kọ ni wọ́n fi kọ́ wọn, wọ́n sì mọ irú ọ̀rọ̀ tó sábà ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ wo. Bí a bá bi wọ́n ní nǹkan, ọ̀rọ̀ tó jọ ìdáhùn ni wọ́n ń tò jọ. Níbi tí ìwé bá ti pọ̀, ohun tó jọ òótọ́ àti òótọ́ gan-an sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan. Níbi tí ìwé bá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn méjèèjì á pínyà, ohùn ẹ̀rọ náà kì í sì í sábà yí padà. Kì í họ orí, kì í wolẹ̀, kì í ní "ẹ jẹ́ n lọ bi bàbá mi."

Àwọn agbẹjọ́rò ló kọ́kọ́ rí i he ní gbangba. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ P. Kevin Castel ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò méjì àti ilé iṣẹ́ wọn, nítorí pé nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca ṣe, wọ́n tọ́ka sí àwọn ìdájọ́ tí ChatGPT hùmọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹjọ́ gíga, tí Dame Victoria Sharp darí, yẹ ẹjọ́ méjì wò pa pọ̀. Nínú ọ̀kan, ìdájọ́ 45 ni wọ́n tọ́ka sí, 18 nínú wọn kò sí níbì kankan. Ilé ẹjọ́ náà kìlọ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè di ẹ̀sùn títàbùkù ilé ẹjọ́, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ńlá Deloitte ní Ọsirélíà gbà láti dá apá kan padà nínú owó bíi 440,000 dọ́là ilẹ̀ náà tí ìjọba san fún ìròyìn kan, lẹ́yìn tí olùkọ́ yunifásítì kan tú u wò tó sì rí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí láàárín àwọn tí wọ́n tọ́ka sí.

Ti Air Canada ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rọ tó ń fèsì fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣi ọkùnrin kan lọ́nà lórí ẹ̀dínwó owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń lọ sìnkú. Nígbà tó pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ fi yé ìgbìmọ̀ onídàájọ́ pé ẹ̀rọ náà dá dúró láyè ara rẹ̀, pé òun ni kó dáhùn fún ohun tó sọ. Ọ̀gá ní ọmọọṣẹ́ òun ni kí wọ́n mú, ọmọọṣẹ́ ọ̀hún kò sì ní ọrùn ọwọ́ tí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lè wọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà ní kí Air Canada san owó ọkùnrin náà.

Kí ló tú àṣírí gbogbo wọn? Àkọsílẹ̀ ni. Ìdájọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìwé tí wọ́n ti ń kó jọ láti ayébáyé. Adájọ́ tó wá ẹjọ́ kan níbẹ̀ tí kò rí i mọ̀ pé irọ́ ni. Òfin owó ọkọ̀ Air Canada wà lójú ewé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kan náà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe níbi tí ìwé ti pọ̀ jù láyé, ìwé náà ló sì mú un. Ẹ wá gbé irú àṣìṣe yẹn dé ìlú Èsìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà.

Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ìwé fún ìjọ CMS, kọ ìròyìn nípa àwọn ère òkúta tó bá ní Èsìẹ́, òkìkí wọn sì kàn dé òkè òkun. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kó tó dé. Ní 1945 wọ́n kọ́ ilé fún wọn, ilé yẹn ló sì di mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin, obìnrin, ọ̀pọ̀ lára wọn jókòó sórí àpótí, òmíràn di ohun ìjà mú, irun orí wọn ní oríṣiríṣi. Phillips Stevens, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lo ọdún púpọ̀ lórí wọn kó tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1978. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn àgbà ìlú ní ìtàn tiwọn, pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n di òkúta. Láàárín ìtàn àgbà àti ìwé onímọ̀, àlàfo gbalasa wà, àlàfo náà sì jẹ́ apá kan òtítọ́ Èsìẹ́.

Ẹ̀rọ AI kò fẹ́ràn àlàfo. Ìwé lórí orí idẹ Ifẹ̀ àti ti Bìní pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó wà lórí Èsìẹ́ kò tó nǹkan. Nítorí náà, kò ní ṣòro fún un láti yá ọdún kan, ọba kan tàbí ètùtù kan láti Ifẹ̀ kó fi dí ihò tó wà níbí, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Ká ní ọ̀dọ́ kan tó ń kọ ìwé pélébé fún àwọn àlejò ọdún ère gbára lé e. Ta ni yóò dá a dúró? Kò sí ìwé ìdájọ́ tí adájọ́ lè ṣí. Àwọn tó lè mọ̀ kò pọ̀: òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, àwòrò, àwọn àgbà díẹ̀, àti ọ̀mọ̀wé tó lè máà sí nílùú lọ́jọ́ yẹn. Bí ìwé pélébé náà bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni ẹ̀rọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kà. Ẹni tó bá bi í léèrè lọ́dún mẹ́ta sí i yóò gbọ́ irọ́ kan náà, ẹ̀rọ náà yóò sì tọ́ka sí ìwé tó jáde láti Èsìẹ́ fúnra rẹ̀. Irọ́ ti di ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ nìyẹn.

Bákan náà ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan gbé àkójọ kan tí wọ́n pè ní YORÙLECT jáde, ọ̀rọ̀ àti ohùn láti inú ẹ̀ka èdè Ifẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú Yorùbá àjùmọ̀lò. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò dáadáa ń kọsẹ̀ tó bá kan ẹ̀ka èdè. Ìgbómìnà kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn bá na fóònù sí ìyá àgbà láti Ìsìn kó lè tú ohun tó ń ṣe ìyá náà sí Gẹ̀ẹ́sì, a ò lè fi ọkàn balẹ̀ pé àìsàn tí ìyá ròyìn ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀. Ọmọ ìlú tó wà nítòsí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n bá pè é.

Ẹlòmíì lè ní òkè òkun ni mo ti ń kó àpẹẹrẹ wá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì tí JAMB ṣe lọ́dún 2025. Kọ̀ǹpútà lásán ló máàkì ìdánwò yẹn, kì í ṣe AI, ṣùgbọ́n n ò mọ àpẹẹrẹ tó dára tó o ní Nàìjíríà lórí bí a ṣe ń gba ẹ̀rọ gbọ́. Nínú èsì 1,955,069 tó jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí kò tó 200 nínú 400. Kí ni àwa àgbà sọ? A ní àwọn ọmọ ìwòyí ò kàwé, TikTok ni wọ́n ń wò. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, tilẹ̀ kà á sí àmì pé wọ́n ti dínà mọ́ ìwà màgòmágó. Àwọn ọmọ àti òbí wọn ló kọ̀ tí wọn ò gbà. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB, tí àwa ará Kwara mọ̀ gẹ́gẹ́ bí gíwá Yunifásítì Ìlọrin tẹ́lẹ̀, sunkún níwájú àwọn akọ̀ròyìn. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sí sọfitíwia kò dé orí kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó apá kan Èkó àti gbogbo ìlà-oòrùn gúúsù. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó 157 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe.

Mo bọ̀wọ̀ fún Olóyèdé pé ó jáde wá jẹ́wọ́. Ọ̀gá mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí? Èyí tó ń dùn mí ni àwa tó kù. A gba èsì ẹ̀rọ náà gbọ́ kíákíá nítorí pé ó bá ohun tó ti wà lọ́kàn wa mu. Bó bá jẹ́ pé èsì náà dára ju ti ìgbà kan rí lọ ni, à bá ti ní kí wọ́n lọ yẹ kọ̀ǹpútà wò lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ẹ̀rọ ti lè ṣe wá léṣe jù nìyẹn: ó ń fi nọ́ńbà ti ẹ̀tanú wa lẹ́yìn. Ọdún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ rí ọ̀ràn 190 níbi tí wọ́n ti fi AI da àwòrán ojú èèyàn méjì pọ̀ kí ẹlòmíràn lè bá wọn jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn oníjìbìtì kò dúró de ẹ̀kọ́ lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Láti ibẹ̀, kò jìnnà dé ọ̀rọ̀ àwọn yunifásítì. Ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ṣàìní wọn mọ́: Landmark ti wà ní Ọ̀mù-Àrán láti 2011, Thomas Adewumi sì wà ní Òkò. Níbi gbogbo láyé, olùkọ́ tó ń bẹ̀rù pé AI ló kọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé iṣẹ́ náà fún AI mìíràn láti ṣèdájọ́. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Stanford kó àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn sínú irú ẹ̀rọ adánimọ̀ méje. Ní ìpíndọ́gba, ó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àròkọ náà tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló fọwọ́ kọ ọ́. OpenAI tó ṣe ChatGPT pa ẹ̀rọ adánimọ̀ tirẹ̀ tì lóṣù Keje ọdún yẹn nítorí pé kò péye. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ olùkọ́ tó le koko, tó ń kọ gbólóhùn tó gún régé, ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà ọdún 2023, ní abala 37, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe gbà kí ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu tó kan ayé rẹ̀ gidigidi. Ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì àwọn gíwá.

Ewu ti títú àṣírí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2023, Samsung fòfin de irú ẹ̀rọ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn kan kó àṣírí iṣẹ́ sínú ChatGPT. Fáìlì aláìsàn, ẹ̀sùn tó wà níwájú ìgbìmọ̀ ọba, orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ẹgbẹ́, kò sí èyí tó yẹ kó gba orí fóònù lọ sí Amẹ́ríkà. Àìsí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì ń wo oníbàárà lójú. Ọ́fíìsì tí kò lè kọ lẹ́tà lọ́jọ́ tí dátà bá tán ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ewu tó kù ni mo fẹ́ dúró lé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kan gbé ìwádìí jáde láti ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Pólàǹdì. Àwọn dókítà tó ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá láti wá kókó tó lè di jẹjẹrẹ ti ń lo AI tó ń nawọ́ sí kókó náà fún wọn. Àwọn olùwádìí wá wo iṣẹ́ tí àwọn dókítà yẹn ṣe láìsí AI. Kí ẹ̀rọ tó dé, wọ́n ń rí kókó lára ìdá 28.4 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Lẹ́yìn tó dé, ó wálẹ̀ sí 22.4. Àwọn kan ní nǹkan mìíràn lè fà á, bíi kí iṣẹ́ pọ̀ sí i, a ò sì lè já wọn nírọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dókítà ni wọ́n, tó ti ṣe é ní ẹgbàágbèje ìgbà. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá, kí ni ká sọ nípa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́? Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ẹ wo bí akọ̀wé ṣe ń di akọ̀wé. Ọmọ tuntun á kọ lẹ́tà sí ọba Ọ̀mù-Àrán, ọ̀gá á fi báírò pupa gé e sí wẹ́wẹ́, á tún un kọ. "Ta ló ní o máa bá Ọlọ́mù sọ̀rọ̀ báyìí?" Bó bá ṣe é títí, yóò mọ èyí tó yẹ àti èyí tí kò yẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ìfìyà-jẹni yẹn gan-an ni ilé ìwé rẹ̀. Nísinsìnyí, lẹ́tà àkọ́kọ́ tó gbé wá ti dán, báírò kò rí ibi tó máa gé. Ọ̀gá yìn ín, ó sì lọ. Ẹ̀kọ́ kankan kò wáyé láàárín àwọn méjèèjì.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Nairobi, ilé ìwòsàn Penda Health dán ẹ̀rọ kan wò pẹ̀lú OpenAI ní ẹ̀ka 15, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2025. Lórí ìbẹ̀wò aláìsàn 39,849, àṣìṣe nínú mímọ àìsàn fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó lò ó, àṣìṣe nínú ìtọ́jú sì fi ìdá 13 dín kù. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń ta ọjà wà lára àwọn tó wọn ọjà náà. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: òṣìṣẹ́ ìlera ló kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò, òun ló kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ wà lẹ́yìn, ó ń tan iná pupa bó bá rí ohun tó kọ ọ́ lóminú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nuru, ẹ̀rọ orí fóònù tí àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ń lò, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ sí: ó ń wo ewé ẹ̀gẹ́, ó ń sọ àrùn tó ṣe é, àgbẹ̀ tó mọ oko rẹ̀ ló ń pinnu. Bí olùkọ́ Ọ̀mù-Àrán bá kọ nóòtù tirẹ̀ kó tó ní kí AI wá àléébù rẹ̀, fóònù kan náà ni, dátà kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó máa kù sí orí olùkọ́ náà lópin ọdún yàtọ̀ pátápátá.

Òfin iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọmọ 60 ọdún ni kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn tó wọṣẹ́ ní 1991, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ lẹ́tà, tí wọ́n fi orí ṣírò, tí wọ́n mọ ìdílé àti ààlà ilẹ̀ láìwo fóònù, ń lọ ilé ní 2026. Àwọn tó wọṣẹ́ ní 1995 yóò tẹ̀lé wọn ní 2030. Báírò pupa wà lọ́wọ́ wọn báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo AI sì wà nínú ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú wọn. Bí kánsílọ̀ kan tàbí ọ̀gá ilé ìwé kan bá fẹ́ ná owó lórí AI lọ́dún yìí, kó kọ́kọ́ fi ìdajì rẹ̀ gbé àwọn wọ̀nyẹn jókòó ti àwọn ọmọ náà fún oṣù mélòó kan, kó sì ní kí ẹnì kan máa kọ ohun tí wọ́n bá ń sọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́.